Golf 7 GTI: ṣé gíà ni kí n kọ́kọ́ ṣe ni, àbí pọ́ǹpù epo?

Ọmọ_Ìmọwò
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Golf 7 GTI ni mò ń wà, tọ́kùnbọ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 2015, DSG (gíà tó ń yí ara rẹ̀) oní gíà mẹ́fà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ sí Ṣàgámù àti Òrè lemọ́lemọ́. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi tune stage 1 sí i, ìyẹn ni pé wọ́n tún fáìlì inú bíréènì (kọ̀ǹpútà) ẹ́ńjìnì kọ kó lè lágbára sí i. Èmi náà ti ra tọ́bò IS38 (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì), irú èyí tó wà lára Golf R, a ò tíì dè é mọ́ ọn.

Wàhálà méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, bí mo bá tẹ ẹ́ dáadáa, RPM á fò sókè, ariwo á pọ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò ò ní sáré tó ariwo yẹn. Èkejì, ó máa ń já lójijì bí ẹni pé epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, iná ẹ́ńjìnì á tàn. A síkáàn án, kóòdù P0087 (epo kò dé bó ṣe yẹ) ló gbé wá. Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ gíà lódindi. Owó ọwọ́ mi ò lè ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dì mú?

Alágíà_Ṣàgámù
Mẹkáníìkì tó ní kí o pààrọ̀ gíà lódindi, gíà ló fẹ́ tà fún ọ. Dá mi lóhùn ná: gíà wo ló ń yọ̀? Lọ sójú ọ̀nà tó dá, fi sí manual, kí o tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní gíà kọ̀ọ̀kan. DQ250 ni gíà tìrẹ yẹn. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú rẹ̀, inú ọ́ìlì ni méjèèjì sì wà. K1 ló ń gbé 1, 3, 5 àti rìfáàsì. K2 ló ń gbé 2, 4 àti 6. Bó bá jẹ́ 3 àti 5 ló ń yọ̀ tí 4 sì ń fà dáadáa, a ti mọ ibi tí a ó ṣí. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ni, ọ́ìlì ni n ó kọ́kọ́ fura sí.

Kọ́lá_Mánúà
Èmi ò tiẹ̀ rí ìdí tí ẹ fi ń da ara yín láàmú. Yọ DSG dànù, fi manual sí i. Ó parí.

Alágíà_Ṣàgámù
Kọ́lá, gíà manual tó wà lára GTI yẹn, MQ350 ni wọ́n ń pè é, 350 Nm (ìwọ̀n agbára ìyípo ẹ́ńjìnì) náà ni wọ́n ṣe é fún. Kílọ́ọ̀ṣì manual GTI pàápàá, stage 1 lásán ti máa ń mú kó yọ̀. Ó ti fi owó gíà kan ra wàhálà kan náà nìyẹn.

Ọmọ_Ìmọwò
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbé e jáde láàárọ̀ kùtù kí tírélà tó kún ọ̀nà. 3 ń yọ̀. 5 náà ń yọ̀ tí mo bá ń gun òkè. 4 ò ṣe nǹkankan. Ní ti ọ́ìlì gíà, n ò mọ ìgbà tí wọ́n yí i kẹ́yìn. Mítà rẹ̀ ti ń lọ sí 90,000 máìlì.

Alágíà_Ṣàgámù
K1 nìyẹn. Òun niṣẹ́ ń pa jù, torí òun ló ń gbé mọ́tò kúrò lójú kan ní gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ gbéra. Wàá mọ iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí go-slow bá mú ọ ní Ṣàgámù Interchange, tí ò ń rá gọ́gọ́ tẹ̀lé tírélà.

Ohun tó fà á nìyí. Ilé iṣẹ́ Volkswagen sọ pé 350 Nm ni DQ250 gbà. GTI tìrẹ, láti ilé iṣẹ́ wá, 350 Nm gééré ló ń fún gíà yẹn. Kò sí ààyè kankan tó ṣẹ́ kù. Stage 1 wá gbé e kọjá 400. Bí ẹni tó ṣe tune yẹn bá fọwọ́ kan bíréènì ẹ́ńjìnì nìkan, tí kò fọwọ́ kan ti gíà, a jẹ́ pé bí gíà ṣe ń fún kílọ́ọ̀ṣì mọ́ra tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń fún un, ẹrù sì ti pọ̀ sí i. Pílétì á máa yọ̀, á máa gbóná, á máa jẹra. O wá fẹ́ gbé IS38 lé e lórí! Tọ́bò yẹn lórí epo tó dáa lè sún mọ́ 400 hp (agbára ẹṣin).

Má tíì ra nǹkankan. Yí ọ́ìlì gíà àti fílítà rẹ̀ ná. 60,000 kìlómítà ni ilé iṣẹ́ ní ká máa yí i. Èmi, pẹ̀lú ooru ilẹ̀ wa, 40,000 ni mò ń sọ fún àwọn oníbàárà mi, ẹni tó bá fi tune sí i kò gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì DSG ni o, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ G 052 182 tàbí èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó bá a mu. Kì í ṣe ATF pupa (ọ́ìlì gíà ọ̀tọ̀máátíìkì lásán) tí wọ́n ń tà létí títì. Mo ti ṣí gíà tí wọ́n da pupa yẹn sí, pílétì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Wíwọn rẹ̀ ló sì ń da ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì láàmú. Kò ní ọ̀pá ìwọ̀n. Ihò tí o fi tú ọ́ìlì dànù ní ìsàlẹ̀ náà lo máa fi wọ̀n ọ́n, túùbù rọ́bà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó dúró sókè: ohun tó bá kọjá orí rẹ̀ ló ń sàn jáde. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín 35 sí 45 digiri, kọ̀ǹpútà sì ni wàá fi rí i, kì í ṣe ọwọ́. Ní Ṣàgámù níbí, tó bá di ọ̀sán, mọ́tò tó dúró sí oòrùn, ọ́ìlì rẹ̀ ti lè tó 35 kí o tó ṣí i rárá. Kí o tó dé ìdí rẹ̀ ó ti kọjá 45. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ṣe é lẹ́yìn agogo mẹ́jọ àárọ̀.

Ọ̀mọ̀wé_Ìlíṣàn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Alágíà ń sọ, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, P0087 ni mi ò ní fi sùn. Gíà tó ń yọ̀, owó pílétì ló máa jẹ. Epo tí kò tó lábẹ́ tọ́bò, písítìnì ló máa jẹ.

Pọ́ǹpù méjì ni mọ́tò yìí ní. Èyí kékeré wà nínú táǹkì, iná bátìrì ló ń lò. Èyí ńlá wà lára ẹ́ńjìnì, kámṣáàfù ló ń tì í, òun ló ń ki epo mọ́ réèlì (páìpù tó ń pín epo fún àwọn nọ́sù) títí dé bíi 200 bar kí nọ́sù tó fín in tààrà sínú sìlíńdà. Bí èyí kékeré ò bá gbé epo tó wá, kò sí ohun tí èyí ńlá lè ṣe sí i. P0087 ń sọ pé epo inú réèlì ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí tọ́bò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé tagbáratagbára, afẹ́fẹ́ á pọ̀, epo á kéré, inú sìlíńdà á gbóná ré kọjá. Nítorí náà, má tẹ̀ ẹ́ mọ́ títí wàá fi rí ìdí rẹ̀. Wà á wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Fílítà epo ni kí o kọ́kọ́ yí. Ẹ̀yìn lábẹ́ mọ́tò ló wà, nítòsí táǹkì. Kò wọ́n, ọ̀pọ̀ tọ́kùnbọ̀ sì ni a kì í yí tiwọn láé.

Rẹwáyà_Ìpẹru
Lẹ́yìn fílítà, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí o ra pọ́ǹpù ńlá, ẹ fi géèjì wọn èyí kékeré nígbà tí mọ́tò ń fà, kì í ṣe nígbà tó dúró sójú kan. Lójú kan, gbogbo pọ́ǹpù ló dáa.

Àwa rẹwáyà kan máa ń fi mítà iná wọ̀n ọ́n, a ó ní "iná ò tó", a ó wá fa wáyà tuntun láti bátìrì lọ tààrà. Lára Golf 7, ẹ má dán an wò. Módù kékeré kan ló ń darí pọ́ǹpù yẹn, ó ń tan iná rẹ̀, ó ń pa á lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Iye tí mítà bá kọ, ẹ má fi ṣe nǹkankan. Bí ẹ bá fa wáyà tààrà, pọ́ǹpù á máa sá ní gbogbo ara lọ́sàn-án lóru. Pílọ́ọ̀gì tó wà lórí táǹkì ni kí ẹ yẹ̀ wò, bóyá ó ti jóná tàbí ó ti yọ́ díẹ̀, àti ibi tí wọ́n so wáyà ilẹ̀ mọ́.

Mo sì ní ìbéèrè kan: àbúrò, ṣé o máa ń jẹ́ kí iná epo tàn kí o tó ra òmíràn? Epo inú táǹkì ló ń tu pọ́ǹpù yẹn lára. Látìgbà tí epo ti wọ́n ní ọdún 2023 ni àwọn èèyàn ti ń wà mọ́tò lórí iná pupa, ibẹ̀ náà ni pọ́ǹpù ti ń kú.

Ọmọ_Ìmọwò
Hmm. Ẹ̀gbọ́n Rẹwáyà, ẹ ti rí mi 😂. Ìbéèrè mìíràn fún Ọ̀mọ̀wé. Fáìlì tó wà lórí mọ́tò yìí, "91 octane" ni wọ́n kọ sí ìwé tó bá a wá. Epo tiwa náà, 91 ni. Ibẹ̀ yẹn ò ní wàhálà, àbí?

Ọ̀mọ̀wé_Ìlíṣàn
Ó ní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ èyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ kó má gbiná ṣáájú àsìkò. Ọ̀kan ń jẹ́ RON, èkejì MON, MON sì máa ń kéré ju RON lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, èyí tó bá jáde ni wọ́n á kọ sára pọ́ǹpù. Nàìjíríà àti Yúróòpù, RON nìkan la ń kà. 91 tí òfin ní kí epo tiwa má lọ sílẹ̀ jù, RON ni. 91 Amẹ́ríkà yẹn, bó bá jẹ́ ní ìwọ̀n tiwa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 95 tàbí 96. Tiwa, tí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwọn, bíi 87 ló máa jẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n sábà ń rà sínú mọ́tò lásán.

Nítorí náà, mọ́tò rẹ ń fi epo 87 jó fáìlì 91. Etí kan wà lára ẹ́ńjìnì, knock sensor, òun ló ń gbọ́ bí epo bá gbiná ṣáájú àsìkò, tí bíréènì á fi fa timing (àsìkò tí iná ń tàn nínú sìlíńdà) sẹ́yìn. Ó ń gbà ọ́ là lójoojúmọ́, o ò mọ̀. Ṣe log, ìyẹn kí o fi kọ̀ǹpútà gba àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ́ńjìnì ń ṣe, lórí gíà 4 (èyí tí kì í yọ̀), wo timing tó ń fà sẹ́yìn fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń fà tó digiri 4 tàbí 5 léraléra, fáìlì yẹn ti le jù fún epo wa.

Sọ fún ẹni tó bá máa ṣe tune IS38 fún ọ pé kó kọ ọ́ fún RON 91, kí boost (ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ tọ́bò) rẹlẹ̀ níbi tí RPM ti kéré, kí timing má le. Wàá pàdánù hp díẹ̀. Bó bá ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín 91 kan àti ìkejì, wá ẹlòmíràn.

Òmíràn tún ni pé ẹ má fi fídíò àwọn ará Yúróòpù ṣe ìwọ̀n. Golf GTI tiwọn ní nọ́sù kejì tó ń fín epo sẹ́yìn fáàfù, ti Amẹ́ríkà ò ní. Tìrẹ, sínú sìlíńdà nìkan ló ń fín in, epo kì í kan fáàfù, nítorí náà èédú ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ní 90,000 máìlì, tí wọ́n bá ti tú manifold (páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì) fún ohunkóhun, kí wọ́n kúkú fọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Òdogbolú
Octane booster inú ike ńkọ́? Wọ́n ń tà á káàkiri.

Ọ̀mọ̀wé_Ìlíṣàn
Mà, bí wọ́n bá kọ "ó ń fi point 3 kún un" sára ike, 0.3 ni wọ́n máa ń ní lọ́kàn. Láti 91 dé 91.3.

Ọmọ_Abígí
Èmi ni mo ní ìdáhùn. Ní òkèèrè, E85 ni àwọn tó fẹ́ agbára ń lò, ethanol ni. Kí ni ethanol? Ògógóró! Ìpínlẹ̀ wa lódò níbí ni wọ́n ti ń sè é. Kí ó gba ibí yìí, màá fún un ní gálọ́ọ̀nù kan ọ̀fẹ́.

Ọ̀mọ̀wé_Ìlíṣàn
😂 Omi ló pọ̀ nínú ògógóró yẹn. Tó bá dé inú pẹtiróòlù, omi àti ethanol á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí táǹkì, ibẹ̀ gan-an ni pọ́ǹpù ti ń fà.

Ethanol gidi pàápàá, bí kì í bá ṣe pé o tún gbogbo ọ̀nà epo ṣe, kò wúlò. Pẹtiróòlù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi 14.7 sí ẹyọ epo kan. E85 ń fẹ́ bíi 9.8 péré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé epo tí pọ́ǹpù àti nọ́sù máa gbé á fi bí ìdajì pọ̀ sí i. Nígbà yẹn ni a ó wá sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ńlá tí ikùn rẹ̀ fẹ̀. Ilé epo tó ń ta E85 kò sì sí ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, kí la wá fẹ́ fi ṣe? Lórí pẹtiróòlù pẹ̀lú boost tí kò ga, pọ́ǹpù ńlá tó wà lára rẹ̀ ṣì lè gbé IS38. Log ló máa sọ: fi iye tí bíréènì béèrè wé iye tó rí nínú réèlì.

Ìyá_Ìbejì_Òdogbolú
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù, ẹ ti sọ̀rọ̀ gíà, ẹnikẹ́ni ò tíì bi í léèrè nípa búréèkì àti táyà. Golf R ni mò ń wà, mo mọ ohun tí tọ́bò yẹn ń ṣe. Tèmi, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń fà. Tìrẹ, ẹsẹ̀ iwájú méjì péré ni. Ní gíà 2, lójú ọ̀nà tí òjò rọ̀ sí láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí J4, ó máa kàn máa yí táyà lójú kan ni. Òfin ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Tírélà tó bàjẹ́ tí wọ́n gbé ewé sí lẹ́yìn ò sì ní yẹra fún ọ nítorí pé o ní IS38. Bí ẹṣin ló bá ń wù ọ́, Ojúde Ọba ń bọ̀.

Mi ò ní kí o má ṣe é o. Ra búréèkì kí o tó ra ohun tó ń sáré.

Ní ti epo, ilé epo kan ni kí o dúró tì, èyí tí mọ́tò pọ̀ níbẹ̀, tí epo kì í pẹ́ nínú táǹkì ilẹ̀. Tí o bá bá táńkà tó ń já epo lọ́wọ́, kọjá lọ, torí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ti rú sókè. Tí o bá ń ṣiyèméjì, bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, gbé e sílẹ̀, omi á wà nísàlẹ̀. Ẹ ò ṣáà tíì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ̀lú.

Ọmọ_Ládípọ̀
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Ládípọ̀ ni mo ti ń tajà. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má sọ pé "gíà Golf 7" lásán, wọ́n á gbé ohunkóhun fún yín. DQ200 wà, gíà méje, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ, 250 Nm ló gbà; ó jọ ọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. DQ250 ni tìrẹ. DQ381 wà lára àwọn tó dé lẹ́yìn. DQ500 ni baba wọn, 600 Nm, lára Audi RS3 ni wọ́n ti ń tú u. Ó ṣeé dè mọ́ Golf, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ àti wáyà rẹ̀... èmi tí mò ń tà á gan-an ò ní kí o rà á. Ka lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára gíà rẹ kí o tó kúrò nílé, ya fọ́tò rẹ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì, tuntun nínú ike tí wọ́n dì ni kí o rà, kì í ṣe bẹ́líjọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ti lò rí. Àwọn kan ti fi pílétì kún un láti ilé iṣẹ́ kó lè gbé ju 500 Nm. K1 àti K2 papọ̀ ni wọ́n ń tà á.

Ọmọ_Ìmọwò
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ìròyìn ni mo mú wá. A yí fílítà epo: ohun tó jáde, ẹ ò ní gbà pé pẹtiróòlù ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. P0087 ò tètè jáde mọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pa ní gíà 4, ó padà wá. A de géèjì mọ́ ọn: bí RPM bá ti kọjá 5,000, epo láti táǹkì ń jábọ́. Pọ́ǹpù kékeré ni. Mo ti ra tuntun, Rẹwáyà ló tún pílọ́ọ̀gì orí táǹkì ṣe, ó ti yọ́ lóòótọ́. Nísinsìnyí réèlì ń tẹ̀ lé ohun tí bíréènì béèrè.

Log timing: sìlíńdà 2 àti 3 ń fà tó 5. Mo ti ní kí wọ́n bá mi dá fáìlì ilé iṣẹ́ padà ná.

Ó ku gíà. Mo ti sanwó kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n Alágíà, tune gíà ńkọ́, ṣé kí wọ́n ti ṣe é kí n tó gbé e wá, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Alágíà_Ṣàgámù
Lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá fún kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ mọ́ra jù, wọ́n á kàn jó ìyókù rẹ̀ ni. A ó fi tuntun sí i, a ó yí ọ́ìlì àti fílítà, a ó ṣe adaptation kí bíréènì gíà lè mọ ibi tí pílétì tuntun ti ń pàdé. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà tó lè ṣe adaptation, má jẹ́ kó ṣí gíà rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, wà á jẹ́jẹ́ fún bíi 500 kìlómítà, kí o máa yí gíà sókè sódò dáadáa láàárín ìlú. Tune gíà àti ti ẹ́ńjìnì fún RON 91 á wá tẹ̀ lé e pa pọ̀, kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ èdè ara wọn. IS38 ló gbẹ̀yìn, pẹ̀lú intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) tó tóbi àti pílọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì (spark plug) tó tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí wọ́n dín ẹnu rẹ̀ kù sí bíi 0.6 mm.

Gbé e wá ní alẹ́ Ọjọ́ Jímọ̀ kó sùn síbí, kí ara rẹ̀ ti tutù tí n ó bá dé ìdí rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Allen 8 mm tó gùn ni a fi ń tú túùbù inú ihò ọ́ìlì yẹn, èmi ní tèmi. Ọ́ìlì ni kí o rà wá, lítà mẹ́fà, kí n rí ike rẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe wà ní dídì.